Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ àti Ọmọ Tó Ń Dá Ẹ̀kọ Padà

Ní Òkokomáíkò nígbà náà, bí ọmọ ọwọ́ bá kọ oúnjẹ, ilé ìwòsàn kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Ojúlé Ọmọ́yẹni ni, ní òpópónà kan tó yà kúrò lójú títì Àgbádárìgì, níbi tí ìkòkò ògì ti tò síwájú ilé bí ọlọ́pàá tó ń dúró de ọ̀gá wọn. Ògì ni Ọmọ́yẹni ń tà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí kò sí ọmọ tí ọwọ́ náà rọ lẹ́kọ tí kò gbé e mì.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á tẹ́ ọmọ gbalaja sórí itan. Á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì mọ́ ẹnu ọmọ bí àrọ tí wọ́n fi ń bu kẹrosíìnì, á wá fi ọwọ́ ọ̀tún da ẹ̀kọ mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i. Ọmọ á ké, ẹ̀kọ á wọlé. Ọmọ á fẹ́ mí, ẹ̀kọ á tún wọlé. Kó tó rántí ohun tó ń bínú sí, ikùn rẹ̀ á ti yọ bí bọ́ọ̀lù, oorun á sì ti gbé e lọ.

Wọ́n ní ọmọ sójà kan ní bárékè Ọ̀jọ́ kọ oúnjẹ títí bàbá rẹ̀ fi ń gbèrò láti pàṣẹ fún un pẹ̀lú ìbọn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọmọ́yẹni, kò tí ì na ẹsẹ̀ tán tí ọmọ náà fi lanu fúnra rẹ̀. Ó jẹ ẹ̀kọ abọ́ kan láìmí, ó sì ṣe sàlúùtù fún un. Ẹni tí kò bá lè gba ti sàlúùtù gbọ́, kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó mú ti abọ́ ẹ̀kọ.

Ọmọ́yẹni fúnra rẹ̀ kì í fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọmọ tí màá rọ tí kò níí gbé e mì," á wí, á sì fi etí ìró nu ọwọ́, "wọn ò tí ì lóyún ẹ̀."

Wọ́n lóyún rẹ̀ ṣá. Inú ilé rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti lóyún rẹ̀.

Lọ́dún 1984, Àkànbí ọmọ rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe ní Àlàbá, bí ọmọkùnrin. Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ jẹ́ télọ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í jiyàn, àfi tí àlàyé bá ti sú u. Wọ́n sọ ọmọ ní Akínwándé. Ìyá àgbà fi Àyìndé kì í, ó gbé e sókè, ó wo ẹnu rẹ̀ wò bí ẹni tó ń wo ẹnu ìkòkò tuntun, ó ní, "Ẹnu yìí dáa. Á gba ẹ̀kọ."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wọn kú ewu. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá kí ìyá ọlọ́mọ ní àdúgbò yẹn kì í wá lọ́wọ́ òfo, mílíìkì sì ni wọ́n kà sí ẹ̀bùn ọmọlúàbí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ọmọ́yẹni ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun gbé ti olómi wá. Àwọn ará Àlàbá gbé ti lúbúlúbú wá nínú agolo ńlá. Ìyá Ẹ̀hìndé, tí wọ́n jọ pín ògiri, náà gbé tiẹ̀ wá, ó sì dúró títí wọ́n fi gbé e síbi tí gbogbo ènìyàn ti máa rí i. Agolo wá kún yàrá náà débi pé Àkànbí ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Ohun kan dá Ọmọ́yẹni lójú ju orúkọ rẹ̀ lọ: mílíìkì tí ìyá bá mu ló ń di omi ọmú. Nítorí náà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, á po ẹ̀kọ gbígbóná fún Sẹ̀gilọlá, á wá máa da mílíìkì lé e títí yóò fi funfun bí sùtánà wòlíì.

"Mu ún, ìyàwó."

"Màmá, mo ti yó."

"Ta ló bi ẹ́ bóyá o yó? Ṣé tìẹ là ń sọ ni? Ọmọ ló ń mu ún, ẹnu ẹ kàn jẹ́ ọ̀nà ni."

Kò mọ bí ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ti jẹ́ òótọ́ tó.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀nba ni ọmọ ń bì. Ọmọ́yẹni ní ọmọ ọwọ́ wo ni kì í bì. Nígbà tó yá, bí Akínwándé bá mu ọmú tán, á dùbúlẹ̀, á tẹjú mọ́ àjà bí adájọ́ tó ń ro ẹjọ́, á wá gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà á ké, á ká ẹ̀yìn bí ọrun, ojú rẹ̀ á pọ́n. Èélá bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń yọ̀ bí omi ilá, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì ń hàn nínú rẹ̀ nígbà míì. Ọrùn tó yẹ kó ní ìṣẹ́po bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

"Ebi ni," Ọmọ́yẹni wí. "Omi ọmú yẹn ò wúwo tó láti dúró. Ẹ gbé e wá síbí."

Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀. Ó po ẹ̀kọ, ó fi mílíìkì sí i kó lè lágbára, ó ká àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ ké, ẹ̀kọ wọlé. Ọmọ fẹ́ mí, ẹ̀kọ tún wọlé. Abọ́ gbẹ. Ọmọ́yẹni bojú wo Sẹ̀gilọlá bí ẹni pé "o ò rí i?"

Ìgbà náà ni ọmọ dá ẹ̀kọ padà. Kì í ṣe pé ó ṣàn láti ẹnu rẹ̀ o. Ó fò ni. Ìdajì rẹ̀ bá gèlè Ọmọ́yẹni, ìdajì yòókù kọjá léjìká rẹ̀, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó sì bá àkùkọ Ìyá Ẹ̀hìndé tó ti la ẹnu láti kọ. Wọ́n ní àkùkọ náà gbé ohùn mì, ọ̀sán ló sì ń kọ láti ọjọ́ yẹn.

Orí Ìyá Ẹ̀hìndé yọ lójú fèrèsé. "Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀! Ta ló da nǹkan sí àkùkọ mi lórí?"

"Òjò ni."

"Òjò tó ní mílíìkì nínú?"

"Ìwọ náà lanu, bóyá á kán sí ẹ lẹ́nu!"

Láti ọjọ́ náà, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìyá àgbà àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó rọ ọ́ láàárọ̀, ọmọ dá a padà. Ó rọ ọ́ lọ́sàn-án, ọmọ dá a padà. Ó yí ìjókòó rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, ọmọ dá a padà sí ìlà oòrùn. Wọ́n fún un ní gíráípù wọ́tà, ó bì í. Wọ́n fún un ní àgbo, ó bì í. Wòlíì fún un ní omi àdúrà, ó bì í tagbára-tagbára débi pé wòlíì gbé sùtánà sókè, ó sá sẹ́yìn, ó ní àdúrà ti gbà, kí wọ́n máa gbé e lọ.

"Àyìndé," Ọmọ́yẹni á wí, tí ẹ̀kọ á máa kán láti ìpéǹpéjú rẹ̀, "kí ni mo fi ṣe ẹ́? Gbogbo ọmọ Òkokomáíkò ló jẹ lọ́wọ́ mi. Ọmọ Íbò jẹ, ọmọ Ègùn jẹ, ọmọ sójà jẹ. Ìwọ tí mo bí bàbá ẹ, ìwọ lo máa sọ mí di ẹlẹ́yà?"

Nígbà tí kò rí ọmọ bá wí tán, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Kí lo jẹ lánàá?"

"Ẹ̀wà ni, Màmá."

"Ẹ̀wà! Ẹ̀wà lo jẹ, o wá ń bi mí pé kí ló ń ru sókè nínú ọmọ!"

Ó fòfin de ẹ̀wà. Ọmọ ń bì. Ó fòfin de ilá. Ọmọ ń bì. Ó fòfin de iṣu, ó fòfin de ata, ó fòfin de omi tútù. Nígbà tó ṣe, kò sí ohun tí Sẹ̀gilọlá lè fẹnu kàn mọ́ nínú ilé náà àfi ẹ̀kọ àti mílíìkì. Bí ọmọ ṣe ń gbẹ sí i ni kọ́ọ̀bù mílíìkì ìyá rẹ̀ ń tóbi sí i.

Sẹ̀gilọlá bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Ìbà, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Ọmọ́yẹni tẹ̀ lé e, kí wọ́n má baà sọ ohun tí kò dáa níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Abọ́lá, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, gbé ọmọ kọ́ sórí ìwọ̀n. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n náà kò gòkè. Ó tilẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

"Èmi ni," Ọmọ́yẹni dáhùn, ó na ọrùn.

"Báwo lẹ ṣe ń fún un?"

"Mo ń rọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì dijú díẹ̀. "Màmá, ẹ má rọ ọmọ mọ́. Ọmú nìkan ni kó máa mu. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Bí kò bá wúwo sí i, ọsibítù ńlá ni a ó gbé e lọ. Wọ́n á gba imú rẹ̀ fi rọ́bà tín-ín-rín sí i dé ikùn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa fún un lóúnjẹ."

Sẹ̀gilọlá bú sẹ́kún. Ọmọ́yẹni kò sunkún, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà títí wọ́n fi délé ni ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Rọ́bà! Ọmọ ọmọ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, imú ni wọ́n máa ti bọ́ ọ bí ẹni tó ń bu epo sí tánkì! Ó wo ọmọ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó rí bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe ń mì, ìbínú rẹ̀ sì rọ̀. Bó bá lọ síbẹ̀, ṣé á padà bọ̀?

Ọdún yẹn náà ni mílíìkì dàwátì. Bí ẹ bá wà láyé nígbà náà, ẹ ò níí gbàgbé: ṣúgà pòórá, ọṣẹ pòórá, mílíìkì di ohun tí à ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ lásán. Àwọn agolo yàrá Àkànbí ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ́yẹni da omi gbígbóná sínú èyí tó kẹ́yìn, ó fi ṣan inú rẹ̀, ó ní kí Sẹ̀gilọlá mu omi ìṣan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan. Ó ní kó máa jẹ ẹ̀wà, kó máa jẹ iṣu àti ẹja, ìgbà tó jẹ́ pé ayé ti bàjẹ́ náà ni.

Ohun ìyanu ṣẹlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi. Bó bá bì, kì í fò mọ́, ó kàn ń kán sílẹ̀ lágbọ̀n. Èélá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan nígbà tí máṣíìnì ìyá rẹ̀ ń dún, ó sì fẹ́ràn ariwo náà débi pé Sẹ̀gilọlá ń ran aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ́yẹni mọ ohun tó fà á. Ó ní àgbo tuntun tí òun sè ni. Nísinsìnyí, ó ku kí wọ́n fi mílíìkì mú un sanra, kí ìwọ̀n Ìbà lè gòkè, kí rọ́bà má baà kan imú ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé wọ́n ń ta mílíìkì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ìbà. Ọmọ́yẹni fi ògì sílẹ̀ nínú omi, ó lọ. Nígbà tó débẹ̀, ìlà tí wọ́n tò ti gùn débi tí àwọn tó wà lẹ́yìn fi rò pé ìlà ìdìbò ni. Sójà kan ń rìn sókè sódò pẹ̀lú kòbókò. Ọmọ́yẹni tò, oòrùn lù ú, ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹnìkan fa gèlè rẹ̀ já. Ó pariwo pé, "Ìyá ọlọ́mọ ń dákú nílé o!" Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà dáhùn pé tiwọn náà ń dákú.

Sójà náà yíjú. "Ṣé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kọ́ nìyí?" Ta ni ẹ rò pé ó jẹ́? Bàbá ọmọ tó ṣe sàlúùtù ni! Ó na kòbókò sókè, ọ̀nà là, ó mú un lọ síwájú pátápátá. Èpè tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn tó láti wó ilé, ṣùgbọ́n Ọmọ́yẹni kò wẹ̀yìn. Ó wọ Òkokomáíkò pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, gèlè rẹ̀ ti di ọ̀já ìdí, agolo ńlá wà láyà rẹ̀, ó ń yan bí ẹni tó gba ìlú.

Sẹ̀gilọlá mu kọ́ọ̀bù kan ní ọ̀sán, ó tún mu òmíràn ní ìrọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọmọ ti ká ẹ̀yìn, ó ké, ọmú tó mu sì gba afẹ́fẹ́ lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún pọ́n.

Ọmọ́yẹni káwọ́ lérí. Ó kọ́kọ́ sọ pé ojú Ìyá Ẹ̀hìndé ni. Ó tún sọ pé ẹ̀wà ni.

Sẹ̀gilọlá ká aṣọ tó ń rán kúrò lórí máṣíìnì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nígbà tí mílíìkì tán, ó sinmi. Ẹ mú mílíìkì dé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé kì í ṣe mílíìkì yìí ni?"

"Kí lo sọ?"

"Mi ò sọ pé ẹ̀yin ni o. Mílíìkì ni mo ní."

"Mílíìkì! Mílíìkì tí gbogbo ayé ń fa ara wọn láṣọ ya lé lórí! Mílíìkì tí ìjọba ní kí sójà máa ṣọ́! Ìyẹn ni ọmọ tìẹ máa wo, á ní òun ò gbà? Ọmọ ta ni? Ọmọ ọba Lọ́ńdọ̀n?"

Àkànbí, tó ti ń wá ọ̀nà láti yọ́ jáde lọ sí Àlàbá, rí i pé wọ́n ti dí ẹnu ọ̀nà. Ó họ orí. "Màmá, bí rédíò bá ń hó, a kì í tú gbogbo inú ẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A máa ń yọ nǹkan kan ṣoṣo, a ó wá gbọ́ ọ wò. Bí kò bá hó mọ́, ohun tí a yọ yẹn ló ń dà á láàmú. Ẹ jẹ́ ká yọ mílíìkì ná."

"Rédíò. Ọmọ ọmọ mi ti di rédíò."

"Mi ò pè é ní rédíò, Màmá."

"Ó dáa, yí i nídodo, kó ka ìròyìn fún wa!"

Ṣùgbọ́n wọ́n yọ mílíìkì. Sẹ̀gilọlá ló yọ ọ́, nítorí ó gbé kọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e padà fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá, mi ò níí mu." Irú ìwà burúkú tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ hù báyìí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé náà. Ọmọ́yẹni kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ àfi nípasẹ̀ ọmọ. "Àyìndé, sọ fún ìyá ẹ pé ọbẹ̀ ti jinná."

Ọmọ tún sinmi. Èélá tún gbẹ. Ó ti wá tó ọjọ́ tí ó yẹ kí ìyá àgbà yọ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí i. Ó ń wo agolo ńlá náà lórí pẹpẹ, ó ń rántí oòrùn Ìyànà Ìbà àti bàtà rẹ̀ kan tó sọnù. Kò lè jẹ́ mílíìkì. Bó bá jẹ́ mílíìkì ni, a jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, ta ló ti ń ṣe é? Kò jẹ́ kí ìbéèrè náà débi ìdáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sẹ̀gilọlá fún ọmọ lọ́mú tán, ó lọ ra òwú àti bọ́tìnnì ní Àjàngbádì. Ọmọ wà nílẹ̀ lórí ẹní, ó ń jà mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọ́yẹni wò ó. Ó wo agolo. Ó dìde, ó po ẹ̀kọ díẹ̀, ó bu mílíìkì tí kò ju ohun tí orí ìka lè gbé lọ sí i. "Kí n kàn fi han àwọn onírédíò," ó wí. Ó na ẹsẹ̀, ó ká àtẹ́lẹwọ́.

Ọmọ gbé e mì. Ó tilẹ̀ lá ètè.

"Ẹ ò rí i!" Ọmọ́yẹni wí fún ògiri.

Kò tí ì fọ ọwọ́ tán tí ó fi gbọ́ ohùn ọmọ tó yí padà. Nígbà tó yíjú, ètè ọmọ náà ti wú. Ara rẹ̀ sú láti ọrùn dé itan bí ẹni tí èèrà jẹ, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń di mọ́ra, ó sì bì, ó bì, ó bì. Lẹ́yìn náà kò ké dáadáa mọ́. Ìyẹn ló lé ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú Ọmọ́yẹni. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ igbe ọmọ, kò sì tí ì bẹ̀ ẹ́ rí.

"Ké, Àyìndé! Ké o! Bú mi!"

Ó gbé e mọ́yà, kò wá ọ̀já, kò ti ilẹ̀kùn, ó sáré gba iwájú ìkòkò ògì kọjá dé ojú títì, ó na ọwọ́ sí kàbúkàbú kan. Awakọ̀ náà sọ lẹ́yìn náà pé òun kò tẹ iná, pé ohùn obìnrin yẹn ló ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn dé Ìbà.

Ní Ìbà, bẹ́ńṣì kún fún ìyá ọlọ́mọ. Ó kéré tán, ìdajì wọn ló ti gbé ọmọ wá jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Wọ́n dìde, wọ́n ń kí i. "Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!"

Nọ́ọ̀sì Abọ́lá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló jẹ?"

"Ẹ̀kọ ni."

"Ẹ̀kọ nìkan?"

Gbogbo bẹ́ńṣì tẹ́tí. Ọmọ́yẹni wo àwọn ojú náà.

"Màmá, mo ní láti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ nìkan?"

"Mílíìkì ni!" Ọmọ́yẹni figbe ta. "Mo bu mílíìkì sí i! Wọ́n ní kí n má bu ú, mo bu ú! Ṣé ó ti tó yín, àbí kí n gun orí páànù kí n sọ ọ́ fún àwọn ará Àgbádárìgì?"

Nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ tán. Ó ti wọlé pẹ̀lú ọmọ. Wọ́n pe dókítà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Ọmọ́yẹni jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan tó ṣófo. Nígbà tí ó gbọ́ tí ọmọ náà ké, igbe gidi, igbe ọmọ tí inú ń bí, ó fi orí lélẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bú mi dáadáa."

Nígbà tó yá, Nọ́ọ̀sì jókòó tì í. "Ara ọmọ yìí kò gba mílíìkì màlúù, Màmá. Kódà èyí tí ìyá ẹ̀ ń mu, díẹ̀ nínú ẹ̀ ń gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ẹnu ikùn ẹ̀ kò tí ì mọ bó ṣe ń padé dáadáa. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ tó bá jẹun. Ẹ gbé e dúró léjìká, kó gùnfẹ̀. Tó bá tó àkókò oúnjẹ, ṣíbí ni kẹ́ ẹ lò, díẹ̀díẹ̀, ní ìjókòó."

"Kí n rọ ọ́ ní ìjókòó?"

"Ẹ má rọ ọ́ rárá!"

Ọmọ́yẹni ronú lé e. Mílíìkì tó gba ẹnu ọmọ wọlé, òun ni. Èyí tó gba ọmú ìyá wọlé, òun náà ni. Ọ̀nà méjì ni òun ti ń gbógun ti ọmọ ọmọ òun, òun sì ń bi í léèrè ìdí tó fi ń jà padà.

Sẹ̀gilọlá sáré dé, òwú ń fà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò dúró kó bèèrè. "Ìwọ lo jàre," ó wí, ó sì gbójú kúrò. "Má jẹ́ kí n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè sọ ọ́."

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń bọ̀ wá kí ìyá ọlọ́mọ á bá Ọmọ́yẹni lẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí rẹ̀. "Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn? Mílíìkì? Gbé e padà. Mú ẹja wá." Ó gbé agolo ńlá Ìyànà Ìbà fún Ìyá Ẹ̀hìndé lójú fèrèsé.

"Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Fi bẹ àkùkọ ẹ."

Oṣù tí Nọ́ọ̀sì dá kò tí ì parí tí wọ́n fi gbé Akínwándé padà sórí ìwọ̀n. Ọmọ́yẹni di ojú. Ó gbọ́ tí Sẹ̀gilọlá fa èémí sínú. Nígbà tó la ojú, abẹ́rẹ́ náà ti gòkè, kò tilẹ̀ gòkè púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gòkè. Ó súnmọ́ Nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ẹ ká rọ́bà yín padà sínú àpótí."

Ìyà tó kù ni ṣíbí. Ọwọ́ tó ti ń rọ ọmọ láti ìgbà tí Òkokomáíkò ṣì jẹ́ oko kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú ṣíbí kékeré. Á bu ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹja gbígbẹ lílọ̀ sí, á gbé e síwájú ẹnu, á wá dúró. Dídúró yẹn ló ń pa á. Ọmọ á wo ṣíbí, á wo àkùkọ lójú fèrèsé, á wo ṣíbí. "Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí o fẹ́ kọ lẹ́tà sí i?" Lẹ́yìn náà á gbé e sí èjìká lórí ìlédìí, á máa rìn kiri títí yóò fi gùnfẹ̀. Àwọn tó tún gbé ọmọ wá bá a, ó ń gbé wọn jókòó, ó sì ń kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ìyá ń mu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bínú, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ti sọ agbára nù.

Akínwándé dàgbà, ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjànìkín. Ọmọ́yẹni kò dẹ́kun ìṣọ́. Ibikíbi tí wọ́n bá ti fún ọmọ náà ní tíì, yálà ṣọ́ọ̀ṣì ni tàbí ilé òkú, á na ọwọ́, á gba kọ́ọ̀bù, á gbóòórùn rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kó mu ún.

Lọ́jọ́ kan, ní nǹkan bí ọdún 1998, ó lọ ra àgbàdo ní Àjàngbádì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó gbé orí sẹ́yìn, tó lu agolo mílíìkì níhò méjì, tó sì ń fà á mu bí ẹni tó ń fun fèrè.

"Àyìndé!"

Àgbàdo fọ́n ká. Ó di aṣọ rẹ̀ mú lọ́rùn. "Bì í! Bì í síta báyìí! Ẹ gbà mí o, ẹ pe kàbúkàbú!"

"Màmá, ẹ rọra. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mu ún. Kì í ṣe mí ní nǹkan kan mọ́."

"Ó ti pẹ́? Láti ìgbà wo?"

Akínwándé wo ilẹ̀. "Láti praimárì."

Ọmọ́yẹni jọ̀wọ́ ọrùn aṣọ rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ọlọ́jà, ó tú gèlè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí èjìká, ó fa orí ọmọ gíga náà wálẹ̀, ó gbé e lé e, ó sì ń dúró. Àwọn oníbàárà dúró. Ọlọ́jà dúró. Akínwándé tẹ̀ kọrọdọ síbẹ̀, ojú ń tì í.

Nígbà tó ṣe, ó gùnfẹ̀. Gbogbo Àjàngbádì gbọ́ ọ.

Ọmọ́yẹni wo gèlè rẹ̀. Ó gbẹ fúrúfúrú.

"Gbogbo kọ́ọ̀bù tí mo ti gbóòórùn lásán láyé yìí," ó wí. Ó gba agolo lọ́wọ́ ọmọ, ó mì í létí wò, ó gbọ́ pé ó ṣì ku díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu, ó fà á gbẹ.